Ta Ni Ń Jẹ́ Gorimi?

Ní òwúrọ̀ Ọjọ́bọ̀ tí Veronica Oyèkẹ́ kú ní Ọ̀wọ̀, rédíò ń kọ orin rẹ̀. Ẹ má rò pé wọ́n ń kẹ́dùn rẹ̀. Wọn kò mọ̀ pé ó kú, wọn kò tilẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé rí. Àwa aládùúgbò rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ bò ó lójú ni a gbọ́ dùùrù rẹ̀ láti yàrá kejì. Fúnmiọlá ọmọ rẹ̀ sáré lọ kí ó pa rédíò náà, ṣùgbọ́n ó dúró, nítorí ohùn ìyá rẹ̀ sọ̀rọ̀ láti inú rẹ̀. Nígbà tí orin parí, sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ní, "Ohùn Gorimi lẹ gbọ́ yẹn, akọrin ará Íńdíà, Ọlámúyìwá ló sì tẹ dùùrù."

Ẹ̀yin ará Ọ̀wọ̀, ta ni ń jẹ́ Gorimi?

Nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ni Veronica. Bí o bá jẹ́ ọmọ Òkélùsé tàbí Ìmọ̀rù tí o kò tíì pé ogún ọdún, ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó kọ́kọ́ gbé ọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ọwọ́ kan náà ló ń tẹ dùùrù fún àwọn ìjọ Kátólíìkì tí kò ní ẹni tí yóò tẹ̀ ẹ́ fún wọn. Kì í ṣe dùùrù ńlá tí à ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀. Kò ju àpótí aṣọ lọ. Ẹwìrì wà lẹ́yìn rẹ̀ bíi ti alágbẹ̀dẹ: ọwọ́ òsì a máa fa ẹwìrì, ọwọ́ ọ̀tún a máa tẹ orin. Àwọn awakọ̀ a máa gba owó èrò méjì lọ́wọ́ rẹ̀, ti òun àti ti dùùrù. Nígbà náà ni yóò ní, "Ó dáa, ẹ jẹ́ kí dùùrù jókòó. Èmi á dúró."

Ní ọdún 1979, ará Íńdíà kan tó ń kọ́ni ní ìṣirò ní Ọ̀wọ̀, Ọ̀gbẹ́ni Kurian, wá gbọ́ Máàsì. Nígbà tí a túká, kò lọ. Ó ń wo dùùrù náà bí ẹni tó rí ọmọ ìyá rẹ̀ lókèèrè.

"Nílé wa," ó wí, "ilẹ̀ la máa ń jókòó sí tẹ eléyìí."

Veronica dá a lóhùn pé, "Ẹ jókòó, ọ̀gbẹ́ni. Ilẹ̀ tiwa náà kò wọ́n."

Báyìí ni ó ṣe bẹ̀rẹ̀. Kurian kọ́ ọ ní àwọn orin ilẹ̀ wọn, èyí tó ń gba ọ̀nà kan gòkè, tó sì ń gba ọ̀nà mìíràn sọ̀kalẹ̀. Veronica sọ pé wọ́n dà bí ọ̀nà Ìdógùn nígbà òjò: ibi tí o gbà lọ kọ́ ni wàá gbà bọ̀.

Ọlámúyìwá, ọmọ Ọ̀wọ̀ tó ń fọn fèrè jáàsì ní Èkó, wá ṣọdún nílé, ó gbọ́ wọn, ó sì kó wọn lọ sí Èkó lọ́dún tó tẹ̀lé e láti ṣe àwo. Òun fọn fèrè, Kurian lu tábílà, ìlù kékeré méjì ti ilẹ̀ wọn, Veronica tẹ dùùrù. Orin kan gba gbogbo ojú kìíní àwo náà. Ní àárín rẹ̀, ohun gbogbo dákẹ́. Nínú ìdákẹ́jẹ́ yẹn ni Veronica ti mí kanlẹ̀, tó sì sọ fún ara rẹ̀ pé, "Ọghọ́ rẹ̀ mí."

Ọwọ́ ti rẹ̀ mí. Bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé wa nìyẹn. Kurian rẹ́rìn-ín, ó lu ìlù rẹ̀, wọ́n ń bá a lọ. Àwọn ilé-iṣẹ́ àwo ní kí wọ́n má gé e kúrò, pé ibẹ̀ ló dùn jù.

Àwo náà jáde. Lẹ́yìn páálí rẹ̀ ni wọ́n kọ ọ́ sí: *Dùùrù: V. Oyèkẹ́.* Èmi tí mo máa ń dúnàádúrà lórí ìṣáná san náírà márùn-ún láìjanpata. Nígbà tí ó di 1982, tí Kurian ti padà sílé rẹ̀, wọ́n tún un tẹ̀ pẹ̀lú páálí tuntun. Mo tún ra ìyẹn, nítorí n kò gba ohun tí wọ́n sọ fún mi gbọ́. *Dùùrù: Ọlámúyìwá. Ohùn: Gorimi, Íńdíà.*

Ẹnì kan jókòó ní Èkó, ó gbọ́ *ọghọ́ rẹ̀ mí* ti èdè Ọ̀wọ̀ bíi *Gorimi*, ó rò pé èdè òkè òkun ni. Ó mú àárẹ̀ obìnrin kan, ó fi sọ ènìyàn lórúkọ.

A kọ́kọ́ fi ṣẹ̀fẹ̀. Veronica gan-an ní kí a máa pe òun ní Ìyá Íńdíà. Ṣùgbọ́n ní oṣù kìíní ọdún yìí, ẹ̀jẹ̀ ríru gbá a dálẹ̀, apá òsì rẹ̀ sì rọ, èyí tó fi ń fa ẹwìrì. Kò sí ẹ̀rín mọ́. Ó pe ọmọ rẹ̀.

"Fúnmi, lọ bá wọn kí wọ́n dá orúkọ mi padà. Ọwọ́ yìí kò ní fa ẹwìrì mọ́. Èyí tó ti fà tẹ́lẹ̀ ló kù."

Fúnmiọlá lọ sí ilé-iṣẹ́ àwo náà ní Èkó. Akọ̀wé tó bá níbẹ̀ kó àwo méjèèjì sílẹ̀.

"Orúkọ mẹ́ta ló wà níbí, àǹtí. Ti àkọ́kọ́ ní Oyèkẹ́. Ti èkejì ní Ọlámúyìwá. Gorimi tún wà níbẹ̀. Ta la fẹ́ gbà gbọ́? Ẹ kó àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wá."

"Ẹnì kan náà ni Oyèkẹ́ àti Gorimi. Ìyá mi ni."

"Ará Íńdíà ni ìyá yín?"

"Ará Ọ̀wọ̀ ni wọ́n. Ohun tí wọ́n sọ níbẹ̀ ni pé ọwọ́ ti rẹ àwọn."

Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín. "Àǹtí, mo ti wo sinimá Íńdíà tó. Mo mọ bí èdè wọn ṣe ń dún. Ẹ ní kí Màmá wá fúnra wọn, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ kí a gbọ́."

"Apá wọn ti rọ."

"Ẹ jẹ́ kí ara wọn yá nígbà náà."

Ara rẹ̀ kò yá.

Mo lè fi orí jin akọ̀wé yẹn. Kò gbọ́ èdè wa, ta ló sì kọ́ ọ? Ṣùgbọ́n Ọlámúyìwá ńkọ́? Ọmú Ọ̀wọ̀ ló mu dàgbà. Ó mọ ohun tí ọghọ́ jẹ́ kí ó tó mọ ohun tí fèrè jẹ́. Ó gbọ́ obìnrin yẹn nígbà tí ó sọ ọ́, ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó wá rí orúkọ ara rẹ̀ níbi tí ti Veronica yẹ kó wà, ó sì dákẹ́.

Ó wá síbi ìsìnkú, ó gbé òdòdó ńlá wá. Fúnmiọlá kúnlẹ̀ kí i, ó sì bi í láti orí ìkúnlẹ̀ pé, "Bùọ̀dá, ẹ ṣì ń gbọ́ èdè wa?"

"Àbúrò mi, àwọn atẹ̀wé ló ṣe é. Bí Èkó ṣe rí nìyẹn."

N kò kàwé púpọ̀, ṣùgbọ́n mo mọ ìṣirò. Fèrè gba ọwọ́ méjì. Dùùrù yìí gba méjì. Ẹ gbé àwo náà sí i: fèrè àti dùùrù ń dún pọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin, àfi níbi ìdákẹ́jẹ́ yẹn. Ṣé ọwọ́ mẹ́rin ni Ọlámúyìwá ní?

Mo gbọ́ pé wọ́n fẹ́ tẹ àwo náà lẹ́ẹ̀kẹta kí Kérésìmesì tó dé. Yíǹkì tí wọn yóò fi kọ *Oyèkẹ́* kò pọ̀ ju èyí tí wọ́n fi kọ *Gorimi* lọ. Kí ilé-iṣẹ́ náà kọ ọ́ síbi dùùrù, kí wọ́n kọ ọ́ síbi ohùn, kí wọ́n sì dárúkọ ẹni tó yọ ọ́ kúrò. Kí rédíò tó pe òkú wa ní àlejò ní òwúrọ̀ ọjọ́ ikú rẹ̀ padà wá tọrọ àforíjì ní òwúrọ̀.

Ti Ọlámúyìwá kò le. Kí ó lọ sí rédíò kan náà. Kí wọ́n gbé àwo sí i títí dé ibi ìdákẹ́jẹ́ yẹn, kí wọ́n dá a dúró lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mẹ́ta náà, kí ó túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí kì í ṣe ọmọ Ọ̀wọ̀. Lẹ́yìn náà, kí ó sọ fún wọn orúkọ ẹni tó tẹ dùùrù títí ọwọ́ fi rẹ̀ ẹ́.