Ọkọ̀ Olóògùn Aràn

Ẹ̀ẹ̀mejì ni ẹ̀rọ gbohùngbohùn kéde ní àdúgbò wa pé wọ́n fẹ́ wó àwọn ilé etí omi. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì la ti fèrèsé mọ́ ọn. Èmi tí mò ń fi ìròyìn jẹun wà lára àwọn tó tì í.

Amadi-Ama ni mò ń gbé nígbà náà, ọdún díẹ̀ lẹ́yìn tí ìjọba alágbádá padà dé. Ní gbogbo Sátidé, olóògùn aràn kan máa ń wa ọkọ̀ wọ àdúgbò, gbohùngbohùn méjì lórí rẹ̀. Á kọ́kọ́ fi orin sí i, á wá máa ka àrùn lọ́kọ̀ọ̀kan títí páànù á fi máa gbọ̀n. Bí orin yẹn bá ti dún, kálukú á ti fèrèsé. Àwọn ọmọdé á ní, “Worm medicine don come o.”

Ọkọ̀ yìí gan-an ni àwọn tó fẹ́ gba ilẹ̀ háyà láti fi kéde. Awakọ̀ sì kọ́kọ́ fi orin rẹ̀ sí i, bó ṣe máa ń ṣe.

Ní Ọjọ́bọ̀, katapílà dé.

Télọ̀ àgbàlagbà kan, ará Ògbómọ̀ṣọ́, ní ṣọ́ọ̀bù ní ìlà etí omi. Ó ti lọ ra òwú ní Trans-Amadi. Nígbà tó fi máa dé, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ọ̀gá rẹ̀ fún un lọ́jọ́ tó gba fíríìdọ̀mù ti wà lábẹ́ bíríkì. Mo bi í pé, “Bàbá, ẹ ò gbọ́ ìkéde ni?”

“Mo gbọ́. Èmi ò ní aràn nínú, kí ni kí n jáde wá ṣe?” Ó gbọn iyanrìn kúrò lára ṣòkòtò oníbàárà kan. “Ìwọ ńkọ́? Ṣebí iṣẹ́ tìẹ ni kó o gbọ́.”

N kò kọ ọ́ sínú ìròyìn mi pé èmi náà ti fèrèsé.

A jọ hú ẹ̀rọ náà jáde. Apá rẹ̀ ti wọ́, ṣùgbọ́n ó ní òun lè tún un ṣe. A gbé e sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí mò ń gbé, ní ìlà kejì sí omi.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ bá ọ̀gá tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Ó ní àwọn ti kéde, pé iṣẹ́ àwọn ti parí níbẹ̀. Mo ṣàlàyé ọ̀rọ̀ olóògùn aràn fún un, ó sì fara balẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Ó wá sọ pé ìlà kejì ló kàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọkọ̀ kan náà ni yóò kéde, lẹ́ẹ̀mejì, ṣùgbọ́n wọn yóò sọ fún awakọ̀ pé kó má fi orin sí i.