Ẹni Tó Ń Fi Orúkọ Wa Kọ̀wé

Òórùn àdín tó ń hó ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn ní ibi iṣẹ́ wa ní Pobè, kó tó rí ẹnikẹ́ni. Ọṣẹ ni a ń ṣe níbẹ̀, èmi àti àbúrò ọkọ mi obìnrin, pẹ̀lú àwọn obìnrin díẹ̀ tí wọ́n ń bá wa rò ó. Títí di òní, bí òórùn yẹn bá kọlù mí lójijì, àyà mi a kọ́kọ́ já ná, kí ara mi tó balẹ̀. Jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀ fún ọ, ọ̀rẹ́ mi.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ìyá kan tó jù mí lọ dáadáa wọlé tọ̀ wá láti Issaba. Ó gbé abọ́ ẹ̀wà lérí, ó wọ aṣọ ìmúròde, ó sì fẹ́ kúnlẹ̀ fún mi. Mo yára dì í mú.

"Màmá, ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀. Kí ni mo ṣe?"

"Iṣẹ́ tí ẹ fún ọmọ mi ni mo wá dúpẹ́ rẹ̀. Mèèlì yín dé, ó kà á fún gbogbo wa nílé. Ọlọ́run á bá yín kẹ́ ọmọ tiyín náà."

Mo wo àbúrò ọkọ mi, òun náà wò mí. A kò gba ẹnikẹ́ni síṣẹ́. Lóòótọ́, ọmọbìnrin kan láti Issaba ti fi mèèlì ránṣẹ́ sí wa nígbà kan pé òun ń wáṣẹ́, a sì dá a lóhùn pé kò tíì sí àyè. Mo rò pé bóyá ọ̀rọ̀ ni kò yé ìyá náà, mo wá bi í pé ọmọ ọ̀hún dà.

"Ó ti kọjá sí Sakété. A jọ jáde nílé ni, èmi bọ́ sílẹ̀ níbí láti kí yín. Ṣebí ẹ ní mọ́tò yín máa wá gbé e ní oríta? Ẹ tún ní kó pa fóònù pọ́tábù rẹ̀ títí mọ́tò á fi dé."

Gbólóhùn ìkẹyìn yẹn ló mú gbogbo ara mi tutù. A kò ní mọ́tò. N kò rántí bí mo ṣe sọ ọ́ fún un mọ́, ohun tí mo rántí ni pé ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín èéfín, kò sunkún, ó kàn ń bi mí léraléra pé, "Ta wá ni? Ta wá ni?"

A pe pọ́tábù ọmọ náà, kò wọlé. Àbúrò ọkọ mi sáré sídìí ọ̀dínátọ̀, kọ̀ǹpútà wa, ó kọ mèèlì sí i pé kó má wọ mọ́tò ẹnikẹ́ni, pé kì í ṣe àwa. Èmi pe àwọn ọlọ́pàá jàǹdáámù, wọ́n ní àwọn ń bọ̀, ṣùgbọ́n ta ló lè jókòó máa dúró? Mo gbé ìyá náà sẹ́yìn alùpùpù mi, a kọrí sí Sakété.

Ìwọ náà mọ ọ̀nà yẹn, bí igi ọ̀pẹ ṣe tò sí i lọ́tùn-ún lósì. Lọ́jọ́ náà, mọ́tò tó bá ti pàdé wa ni mò ń yọjú wo inú rẹ̀. Ìyá náà dì mọ́ mi níkùn bí ẹni tó fẹ́ wọ inú mi lọ. Èémí rẹ̀ nìkan ni mò ń gbọ́ létí. Ohun kan ṣoṣo ni mò ń rò: bí ọmọ yìí bá sọnù, orúkọ tiwa ló wà lórí ìwé tó mú un lọ.

Nígbà tí a dé oríta Sakété, a kò rí i. Obìnrin kan tó ń ta búrẹ́dì ló na ọwọ́ sí ẹ̀yìn àwọn ọkọ̀ akẹ́rù, ó ní ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ bá ọmọbìnrin kan gbé báàgì gba ibẹ̀. A sáré. Báàgì ti wọ inú mọ́tò, ẹsẹ̀ ọmọ náà kan sì ti wà nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ké orúkọ rẹ̀ lọ́nà tí n kò tíì gbọ́ kí ènìyàn ké rí. Gbogbo oríta yíjú. Ọmọ náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ padà. Ọkùnrin náà wò wá, ó wo èrò tó ń bọ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé, ó sì wa mọ́tò lọ tòun ti báàgì.

Mo rò pé ó ti parí. Mo sún mọ́ ọmọ náà, mo ní èmi ni mo ni ilé iṣẹ́ ọṣẹ. Kíá ló sá sẹ́yìn ìyá rẹ̀.

"Tàtá, ẹ̀yin lẹ kọ̀wé sí mi. Kí ló dé tí ẹ tún lé mọ́tò yín lọ? Báwo ni mo ṣe máa mọ̀ pé ẹ̀yin gan-an nìyí?"

Ó tan pọ́tábù rẹ̀, ó fi mèèlì náà hàn mí. Àdírẹ́sì wa ni, kò yẹ̀ ní lẹ́tà kan. Mo ṣáà bẹ̀ ẹ́ kó ṣí àpótí tí ẹ̀rọ ń da mèèlì tó bá fura sí sí. Ibẹ̀ la ti bá tiwa: èyí tí a fi sọ fún un pé kò sí iṣẹ́, àti ìkìlọ̀ àárọ̀ yẹn. Òtítọ́ wà lórí ààtàn, irọ́ ló jókòó sí pálọ̀. Ìgbà yẹn lọmọ náà tó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún.

Àwọn jàǹdáámù gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wa, ṣùgbọ́n wọn kò rí ọkùnrin náà mú, a kò sì mọ títí dòní bó ṣe mọ̀ pé ọmọ náà ń wáṣẹ́ lọ́dọ̀ wa. Obìnrin kan tó mọ̀ nípa íńtánẹ́ẹ̀tì wá bá wa láti Àjàṣẹ́. Ó ní kò sẹ́ni tí kò lè kọ orúkọ ẹlòmíràn sórí mèèlì, pé ẹ̀rọ tó ń gbà á ló máa ń wádìí lọ́wọ́ ẹni tó ni orúkọ náà: ẹ̀rọ wo lo rán? Èdìdì rẹ dà, àmì tó ń fi hàn pé ìwọ lo kọ ọ́? Ẹni tó bá wa ṣí àdírẹ́sì mèèlì wa níbẹ̀rẹ̀ kò fi ìdáhùn kankan síbẹ̀. Ẹ̀rọ tí a sì ń gbà kọ̀wé, àwọn oníjìbìtì mìíràn ti bà á lórúkọ jẹ́. Èyí tí olè yẹn lò ṣì mọ́, ìdí nìyẹn tí tiwa fi bọ́ sórí ààtàn, tí tirẹ̀ sì wọlé. Obìnrin náà bá wa fi èdìdì síbẹ̀, ó sọ àwọn ẹ̀rọ tó jẹ́ tiwa, ó sì ní kí àwọn ẹ̀rọ tó ń gba mèèlì kọ́kọ́ máa jábọ̀ gbogbo èyí tó bá jáde lórúkọ wa fún wa ná.

Ìgbà tí àbọ̀ yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í dé lẹ̀rù tún wá bà mí ju ti oríta lọ. Mèèlì ṣì ń jáde lórúkọ wa láti ibi tí n kò dé rí. Ta ni wọ́n ń kọ ọ́ sí? Ọmọ ta ló tún ń di báàgì? N kò lè jẹun títí obìnrin náà fi pàṣẹ pé kí wọ́n máa dá gbogbo èyí tí kò bá ní èdìdì wa padà.

Ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ mìíràn báyìí, nítòsí ìyá rẹ̀. A máa ń pàdé lọ́jà Pobè nígbà mìíràn. Ìyá náà a kí mi tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a sì bi mí léèrè àwọn ará ilé, ṣùgbọ́n bí a bá ṣe ń sọ̀rọ̀ ni yóò máa wá ọwọ́ ọmọ rẹ̀, tí yóò sì dì í mú ṣinṣin títí màá fi kọjá. N kò bínú sí i. Ó mọ̀ pé èmi kọ́ ni mo pe ọmọ òun, ṣùgbọ́n orúkọ mi ni wọ́n fi pè é, èmi náà ni mo sì ṣì ń jẹ́ ẹ.