Nígbà Tí Ọ̀rọ̀ Kúrò Lẹ́nu Màmá Àgbà

Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, kò sí ẹni tó ń ra àwo tánganran ní ọjà Òkukù tí kò mọ ohùn ẹ̀gbọ́n ìyá mi. Inísà ni ilé wọn, wọ́n á wọ bọ́ọ̀sì kékeré lọ sí Òkukù lọ́jọ́ ọjà. Ojú mi ló ṣe tí wọ́n ta ọmọrí fún obìnrin kan tí kò ní ìkòkò. "Ìyàwó mi, ìkòkò ń bọ̀ lọ́nà," ni wọ́n wí fún un. Obìnrin náà sanwó, ó tún dúpẹ́. Màmá Àgbà ni gbogbo wa ń pè wọ́n.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fẹ́ gbé ife tíì, ọwọ́ ọ̀tún kọ̀. Wọ́n fẹ́ sọ fún ìyá mi, tí wọ́n jọ ń gbé, pé ọwọ́ kọ̀, ẹnu náà kọ̀. A sáré gbé wọn lọ sí ilé ìwòsàn ní Ìkìrun. Nígbà tí wọ́n fi máa kúrò níbẹ̀, wọ́n ti ń rìn, wọ́n kàn ń wọ́ ẹsẹ̀ kan díẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ń tẹnu wọn jáde láti ọjọ́ yìí wá, ẹyọ kan ló kù: "Bẹ́ẹ̀ ni." Ebi ń pa wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ti yó, bẹ́ẹ̀ ni.

Dókítà ṣàlàyé pé ẹ̀jẹ̀ kò dé apá kan nínú ọpọlọ wọn, ní ẹ̀gbẹ́ òsì, níbi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń to ọ̀rọ̀ kó tó jáde lẹ́nu. Ẹ̀gbẹ́ òsì yẹn náà ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ìdí nìyẹn tí méjèèjì fi lọ pọ̀.

"Ibi tí wọ́n fi ń sọ̀rọ̀ ló bàjẹ́," ó ní. "Ẹ má rò pé ibi tí wọ́n fi ń mọ inú èèyàn, tí wọ́n fi ń ro ohun tí wọ́n máa ṣe, ti bá a lọ."

A gbọ́ ọ, a sì gbàgbé rẹ̀ kí a tó délé. Pásítọ̀ tó ń gbé ní òdìkejì títì sọ pé ẹ̀mí kan ló so ahọ́n wọn. Ó pariwo lé ẹ̀mí náà lórí títí ohùn tirẹ̀ fi há. Ọ̀gá ilé ìwé kan tó ti fẹ̀yìntì ń kígbe sí wọn létí bí ẹni pé wọ́n ti di adití. Èmi tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní yunifásítì, tí mo ti ka ìwé kan àbọ̀ nípa ọpọlọ, jókòó tì wọ́n, mo ń ṣàlàyé orí wọn fún wọn. Wọ́n wò mí bí wọ́n ṣe máa ń wo oníbàárà tó kàn ń fọwọ́ pa àwo láìní kọ́bọ̀ lápò.

Ọ̀rọ̀ wá le nígbà tí ọmọ wọn dé láti Èkó pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀. Ẹgbẹ́ ni èmi pẹ̀lú rẹ̀. Ọ́fíìsì ló ti ń ṣiṣẹ́, táì kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀, kódà ní Inísà lọ́jọ́ Sátidé. Ó ní òun fẹ́ mú ìyá òun lọ sí Èkó, kí wọ́n ti ilé pa, kí wọ́n gbé ìsọ̀ Òkukù fún ẹlòmíì. Ìfẹ́ ló wà nídìí rẹ̀. Mi ò lè fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́. Ìyàwó rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ń wé etí aṣọ rẹ̀ mọ́ ìka.

"Màámi, ṣé ẹ máa bá wa lọ?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ẹ ti gbọ́! Wọ́n ti gbà."

"Dúró ná," ni ìyá mi wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé Inísà níbí lẹ fẹ́ wà?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Ṣé ìwọ náà gbọ́?" ni ìyá mi bi ọmọ wọn.

"Ẹ jẹ́ n wò ó. Màámi, ṣé ọkùnrin ni yín?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá Àgbà náà rẹ́rìn-ín, wọ́n fi ọwọ́ òsì gbá ọmọ wọn lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, ọmọ náà mi orí.

"Wọn ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ mọ́. Àwa la máa bá wọn pinnu."

Ẹrù Màmá Àgbà ti wà nínú báàgì lẹ́nu ọ̀nà. Ìyá mi ń fi etí ìró nu ojú.

Màmá Àgbà wo ọmọ wọn pẹ́. Wọ́n wo ìyàwó rẹ̀ pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ̀rín músẹ́ sì bẹ̀rẹ̀ sí í sá lẹ́nu ìyàwó. Yàrá méjì ni wọ́n ń gbé l'Ékòó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta. Kò sí ẹni tó dárúkọ ìyẹn níbẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Àgbà ti dé ibẹ̀ rí.

Wọ́n dìde, wọ́n wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ilé ìdáná. Wọ́n gbé gààrí inú ọ̀rá jáde, wọ́n padà lọ mú ìgò epo pupa kan, wọ́n tún lọ gbé àwo tánganran olódòdó tí wọn kì í tà fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n kó gbogbo rẹ̀ síwájú ìyàwó ọmọ wọn. Ìyẹn kúnlẹ̀ gbà á, omijé sì bọ́ lójú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé báàgì ọmọ wọn kọ́ ọ léjìká, tiwọn ò sì tiẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wọ́n bọ́ síwájú, wọ́n ń sin tọkọtaya náà lọ sídìí ọkọ̀. Kò sí ọmọ Inísà tó nílò kí wọ́n túmọ̀ ìyẹn fún òun: ẹni tó ni ilé ló ń di ẹrù fún àlejò.

Títí di òní, mo ṣì ń ro ọpọlọ yẹn. Kò lè mú "rárá" jáde, ṣùgbọ́n ó rí ohun tí ìyàwó ọmọ ń fi ẹ̀rín bò, ó ro ti ọmọ, ó ro ti ara rẹ̀, ó sì wá ọ̀nà tí kò ní í dójú ti ẹnikẹ́ni, lásìkò tí àwa tí ẹnu wa jí pépé ṣì ń jiyàn.

"Màámi, ẹ̀yin la wá mú," ni ọmọ wọn wí. Ó ti tú táì rẹ̀. "Ta ló máa máa tọ́jú yín?"

Wọ́n fi àgbọ̀n tọ́ka sí ìyá mi. Wọ́n tún yí orí díẹ̀, wọ́n fi tọ́ka sí èmi tí mi ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Ọmọ wọn wò mí, ó wo ìyá rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja síbẹ̀, ó wọ ọkọ̀.

Lọ́jọ́ ọjà tó tẹ̀lé e, mo wà ní ìsọ̀ Òkukù pẹ̀lú ìwé ẹ̀rí yunifásítì mi, mò ń pe oníbàárà. Màmá Àgbà jókòó sẹ́yìn mi, wọ́n ń wo ojú oníbàárà kọ̀ọ̀kan, ìgbàkígbà tí mo bá sì fẹ́ tà fún ẹni tó ṣì máa fi owó kún iye tó kọ́kọ́ pè, wọ́n á fi orúnkún gún mi lẹ́yìn.