Halldor Níwájú Ọ̀pá Ìdènà Ìdí Òkè

Ọwọ́ jíjù ni iṣẹ́ tí Halldor fi ọjọ́ ayé rẹ̀ ṣe. Nínú ọkọ̀ ojú omi tó ń kó mọ́tò sọdá ọ̀sà wa ló wà: ó máa ń juwọ́ sí awakọ̀ pé "máa bọ̀, máa bọ̀, ó tó," á sì gbé ọwọ́ sókè sí ẹni tó bá kù sẹ́yìn pé ààyè ti tán. Tí wọ́n bá gúnlẹ̀, kálukú a wa mọ́tò rẹ̀ lọ síbi tó ń lọ. Òun a padà. Ó sọdá omi yẹn títí ẹja fi ń kí i lórúkọ, síbẹ̀ kò lọ ibì kankan.

Ìdí nìyẹn tó fi ra mọ́tò aláwọ̀ ewé kan lọ́wọ́ opó àlùfáà, mọ́tò tó ti darúgbó kó tó di tirẹ̀. Lọ́dọọdún, nígbà ìsinmi òtútù, ó máa ń fi gbé Gudveig ìyàwó rẹ̀ kọjá òkè lọ sí ahéré àbúrò ìyàwó náà. Ọjọ́ kan yẹn nìkan ni Halldor ń jẹ́ arìnrìn-àjò lọ́dún.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, èmi aládùúgbò wọn wà lẹ́yìn mọ́tò, mo fi awọ àgùntàn bora. Òtútù mú débi pé bí mo bá sọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ ọ̀hún a dì, a sì já bọ́ sí mi lórí itan. Ẹ má bi Gudveig, irọ́ ni yóò pè é.

Láti àárọ̀ la ti tò sídìí òkè. Ó ti rẹ gbogbo wa. Ìjì ń jà, wọ́n ti fi ọ̀pá ìdènà dí ọ̀nà. Irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀, kò sẹ́ni tó ń dá gòkè. Kátakátá tó ń gbá yìnyín ló ń ṣíwájú, mọ́tò a tẹ̀ lé e bí ọmọ pẹ́pẹ́yẹ. Eldrid, ọmọbìnrin tó ń ṣọ́ ọ̀pá náà, ń yẹ mọ́tò wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ káàsán, Bàbá. Ẹ tan ooru mọ́tò yín kí n rí i."

Halldor tẹ nǹkan kan. Atẹ́gùn tó jáde tutù ju ti ìta lọ.

"Ó máa gbóná tó bá yá."

"Ìgbà wo ló máa yá, Bàbá? Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn?"

"Èmi ni kó o bi, ọmọ mi," Gudveig dá sí i. "Àtìgbà tí mo ti fẹ́ ọkùnrin yìí ni mo ti ń fi ọ̀bẹ bọ́tà họ yìnyín lára gíláàsì yẹn. Àwọn èèyàn ń wo òkè, èmi ń họ gíláàsì."

"O ò sọ fún mi rí pé ó rẹ̀ ẹ́," Halldor ní.

"Bàbá Sigrun, ṣé o bi mí ni?"

Eldrid mi orí. "Tí gíláàsì yín bá dì lókè, ẹ ó dúró. Tẹ́ ẹ bá dúró, gbogbo ẹni tó wà lẹ́yìn yín ló máa dúró sínú ìjì. Ẹ má bínú, mọ́tò yìí ò lè gòkè." Ó gbé ọwọ́ sókè.

Halldor mọ ọwọ́ yẹn.

"Ẹ jẹ́ ká padà sílé," ó ní.

"Ìwọ ni o," Gudveig dáhùn. "Àbúrò mi ti gbé ẹran àgùntàn kaná." Ó gbé báàgì, ó lọ kan fèrèsé mọ́tò ẹ̀yìn wa. Ládùúgbò tiwa, kéèyàn kan fèrèsé àjèjì tó jókòó jẹ́ẹ́ dà bíi kó wọ ilé ìwẹ̀ bá a ni. Àmọ́ tọkọtaya kékeré kan ṣílẹ̀kùn: "Ẹ wọlé, Màmá, ẹ wọlé!" Èmi náà bọ́ sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ ni mí, n kì í ṣe ẹja dídì.

Ó ku Halldor nìkan. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni mò ń rí, kò mira. Tó bá yí mọ́tò padà, ìrìn-àjò ọdún yẹn ti tán nìyẹn. Kátakátá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Ìgbà náà ló rọra wa mọ́tò rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, ó da tapólì bò ó, ó sì wá dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn wa. A sún fún un.

"Rọra wà á o," ó wí fún ọmọkùnrin náà. "Kọ́nà kejì burú."

"Ẹ máa júwe ẹ̀ fún mi, Bàbá."

Ṣùgbọ́n àga náà móoru. Kí a tó dé kọ́nà kìíní, orí Halldor ti wà léjìká Gudveig, ó ń hanrun débi pé awakọ̀ kátakátá yọjú wẹ̀yìn, ó rò pé ẹ́ńjìnnì òun ló bàjẹ́. Lókè téńté, ìjì dáwọ́ dúró, oòrùn ràn sórí yìnyín. Gudveig wo òkè náà títí. Kò jí ọkọ rẹ̀.

Nígbà tí a dúró lódìkejì òkè, Halldor ta gìrì. "Wọ́n ti ṣí ọ̀pá náà?"

"Wọ́n ṣí i, wọ́n sì ti tì í," Gudveig ní. "Gbé báàgì."