Ààlè Igi Obì Mi Lọ́rùn Eléré

Kọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́, ọmọ mi, má bá mi tún un ṣe. Ẹni tó fi mí ṣe ẹlẹ́yà ṣì wà láàyè, mo sì fẹ́ kó kà á.

Oko kòkó tí ọkọ mi fi sílẹ̀ fún mi kò jìnnà sílùú. Lọ́jọ́ kan, ọmọkùnrin kan wá bá mi nílé ní Ìlódè, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Ó ní àwọn fẹ́ ṣe fíìmù apanilẹ́rìn-ín nípa àwọn olóṣèlú mẹ́ta tó wọ igbó kìjikìji lọ wá wúrà. Ó ní àwọn ò lágbára àtilọ sí igbó gidi, ṣé kí n jẹ́ káwọn lo oko mi. Kí wọ́n bú olóṣèlú dùn mọ́ mi nínú, mo ní kí wọ́n máa bọ̀.

Nígbà tí wọ́n dé oko, ó ní kí n jókòó síwájú ahéré, kí n sọ ohun tó bá ti wù mí. Ọkọ mi ló fọwọ́ ara rẹ̀ mọ ahéré yẹn. Láti ọjọ́ tó ti lọ, oríkì rẹ̀ kò tíì jáde lẹ́nu mi. Ọjọ́ yẹn ló jáde. Mo kì í títí omi fi bọ́ lójú mi.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, mo rí i pé ààlè tí mo so mọ́ igi obì mi ti di àwátì. Ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo àti akísà pupa ni, mo so ó bí ìyá mi ṣe ń so tiẹ̀, mo sì sọ ohun tí yóò ṣe ẹni tó bá fọwọ́ kan obì mi. Mo rò pé ewúrẹ́ ló já a.

Ọjọ́ tí wọ́n fi fíìmù náà han aráàlú, inú gbọ̀ngàn kan nítòsí Ẹnuwá ni. Mo wọ aṣọ òkè mi, ìwọ lo mú mi lọ. Ẹkùn tó ń lé àwọn olóṣèlú, ajá tí wọ́n fi èédú kùn lára ni, ó sì ń jùrù. Igbó kìjikìji náà ńkọ́? Kòkó tó tò ní ìlà-ìlà ni. Bàbá kan láti Modákẹ́kẹ́ tó jókòó lẹ́yìn mi bi ẹnìkejì rẹ̀ pé ta ló ń bá ẹkùn ro oko. Àwọn kan ti ń sùn.

Ìgbà yẹn ni mo yọ nínú fíìmù náà. Ẹnu mi ń lọ, ṣùgbọ́n ohùn tí mo gbọ́ kì í ṣe tèmi. Wọ́n ti yọ oríkì ọkọ mi kúrò, ẹnì kan ń ké bí ewúrẹ́ níbẹ̀. Ìwọ lo ka ohun tí wọ́n kọ sísàlẹ̀ fún mi, pé mo ní kí wọ́n bá mi sun àwọn olóṣèlú náà jẹ. Omi ojú mi yẹn, wọ́n ní ebi ló ń pa mí. Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín.

Ọmọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló ṣe ògbójú ọdẹ tó wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi. Mo wo ọrùn rẹ̀. Ìkarahun ìgbín, ṣúkù àgbàdo, akísà pupa. Ó ti fi ààlè mi ṣe ìlẹ̀kẹ̀.

Nígbà tó parí, ó ní kí a sọ bí a ṣe rí i. Mo dìde. N kò pariwo.

“Ọmọ mi, ohun tó wà lọ́rùn rẹ nínú fíìmù yẹn, ààlè igi obì mi ni. Ta ló fún ọ?”

Obìnrin tó jókòó tì í rọra sún àga rẹ̀. Bàbá ẹ̀yìn mi ní, “Ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ gbé e kọ́rùn.” Ọmọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní ìdọ̀tí kan tóun rí lára igi ni. Kò sẹ́ni tó bá a rẹ́rìn-ín.

Kò pẹ́, mọ́tò rẹ̀ kọṣẹ́. Ìyá rẹ̀, tó mọ ohun tí ààlè jẹ́, fà á wá sílé mi, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀. Wọ́n ní kí n tú ọ̀rọ̀ tí mo sọ sí ààlè náà. Mo ní kò le. Kó dá oríkì ọkọ mi padà sẹ́nu mi nínú fíìmù náà, n óò tú u.

Ọmọkùnrin náà ní, “Màmá, ó ti wà lórí fóònù gbogbo ayé. Kò ṣeé kó padà mọ́.”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ tí mo sọ.”

Títí dòní, bí eyín bá dun ọmọkùnrin náà, fóònù rẹ á dún. Bí jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ bá kú, á tún dún. Wàá gbé e wá bá mi, wàá máa bẹ̀ mí pé, “Ìyá àgbà, ẹ forí jì í.” Ohun kan ṣoṣo ni mo máa ń bi í: ṣé ohùn mi ti padà? Á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí. N óò dá fóònù rẹ padà fún ọ, n óò lọ jẹun, oúnjẹ náà a sì dùn lẹ́nu mi.

Kọ ìyẹn náà sí i.