Ohùn Tí Mo Wá Nínú Kọ̀ǹpútà

Mo rántí ìgbà tí ariwo fáànù kọ̀ǹpútà ni mo fi ń sùn, òun náà ni mo sì fi ń jí. Ìkàrẹ́ ni mo ń gbé nígbà náà, nínú yàrá kan tó wà lẹ́yìn ilé ńlá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó jẹ́ tíṣà. Iṣẹ́ fídíò ni mo ní mò ń ṣe. Bí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó tàbí ìsìnkú, èmi ni wọ́n máa ń kó fídíò rẹ̀ fún kí n gé e, kí n sì tò ó. Kọ̀ǹpútà mi kì í ṣe tuntun, ọ́fíìsì kan lókè òkun ti lò ó gbó kí ó tó dé ọjà wa, ṣùgbọ́n bí ẹ bá gbọ́ bí mo ṣe ń yìn ín, ẹ ó rò pé èmi ni mo ṣe é. Mo máa ń sọ fún ẹni tó fẹ́ gbọ́ àti ẹni tí kò fẹ́ gbọ́ pé mo lè yọ ọpọlọ tó wà nínú rẹ̀ kí n fi macOS sí i, ìyẹn ọpọlọ tí Apple ń ṣe fún kọ̀ǹpútà tirẹ̀ nìkan. Mo ti kà nípa rẹ̀ lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, mo ti fa gbogbo ohun tí mo nílò wá sínú fláàṣì, ó kù kí n ṣe é. Ó ti lé lọ́dún kan tí ó ti ń kù kí n ṣe é.

Bàbá onílé wa máa ń gbọ́ gbogbo fáàrí yìí láti ìyẹ̀wù rẹ̀, á sì rẹ́rìn-ín. Òun àti ìyá rẹ̀ ló ń gbé inú ilé ńlá náà. Ọ̀kà ni ìyá ti wá. Ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn lókè Ọ̀kà, òun ló ń ṣáájú orin fún ẹgbẹ́ akọrin àwọn ìyá àgbà, títí ẹsẹ̀ fi ń dùn ún tí ọmọ rẹ̀ sì gbé e wá sí Ìkàrẹ́ kí ó lè máa tọ́jú rẹ̀. N kò gbọ́ kí ìyá kọrin rí. Nígbà tí mo mọ̀ ọ́n, àdúrà jẹ́jẹ́ ló kù lẹ́nu rẹ̀, òun àti bó ṣe máa ń béèrè lọ́wọ́ mi bóyá mo ti jẹun.

Ìyá kú ní ìdájí ọjọ́ Sátidé kan. Àgbà ni, ó sì ti rí ọmọ-ọmọ, nítorí náà àwọn èèyàn ń dúpẹ́ bí wọ́n ṣe ń kẹ́dùn. Síbẹ̀, gbogbo ilé dákẹ́. Ní ọ̀dọ̀ wa, nígbà tí òkú àgbà kò bá tíì wọlẹ̀, kò sí ẹni tí yóò tan rédíò sókè nínú ọgbà kan náà, bó ti wù kó jẹ́ ayálégbé. Ẹ̀gbọ́n mi kìlọ̀ fún mi kí n tó fọ ojú. Ó mọ̀ mí, ó mọ̀ pé orin ni mo fi ń ṣe gbogbo nǹkan, títí kan ìwẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì ni obìnrin tó ń darí ẹgbẹ́ akọrin náà gun ọ̀kadà wá láti Ọ̀kà. Ó kí bàbá onílé kú àṣẹ̀yìndè, ó jókòó, ó sì tú dísìkì kékeré kan, irú èyí tí wọ́n ń fi wáyà ki bọ kọ̀ǹpútà, jáde láti inú gèlè tó fi wé e. Ó ní ọ̀dọ́kùnrin kan gba orin àwọn ìyá náà sílẹ̀ kí ẹsẹ̀ ìyá tó dá a dúró, pé kò tíì parí iṣẹ́ náà tó fi rìnrìn àjò, nọ́ńbà rẹ̀ kò sì lọ mọ́.

“Ohùn ìyá wà nínú ẹ̀,” ó ní, “ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà Apple ló fi gbà á. Wọ́n ní ti àwọn èèyàn yòókù ò lè ṣí i.”

Wọ́n ti gbé e dé ibi tí wọ́n ti ń tẹ̀wé ní ìgboro kí ó tó wá. Kọ̀ǹpútà ibẹ̀ ní òun kò mọ dísìkì náà kà, ó sì béèrè bóyá kí òun pa gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ rẹ́ kí wọ́n lè rí i lò. Ẹni tó ń tẹ̀wé ti fẹ́ tẹ “bẹ́ẹ̀ ni” kí ìyá olùdarí tó fa wáyà yọ. Kò sí ibòmíràn tí ohùn ìyá wà. Fọ́tò pọ̀ nílé, fídíò ìgbéyàwó kan wà tí ìyá ti jókòó tó ń jẹun, ṣùgbọ́n orin tí gbogbo Ọ̀kà fi mọ̀ ọ́n, inú dísìkì yẹn nìkan ló wà. Ọjọ́ Ẹtì ni ìsìnkú.

Bàbá onílé yíjú sí mi níbi tí mo dúró sí lẹ́nu ọ̀nà. “Ṣé ìwọ kọ́ lo máa ń sọ pé o lè sọ tìrẹ di Apple?” Kò fi ṣe yẹ̀yẹ́ rárá, ó ń bẹ̀ mí ni. “Mo fẹ́ kí wọ́n gbọ́ yèyé mi lọ́jọ́ náà.”

Mo ní, “Kò le, sà.” Mo gba dísìkì náà, mo sì wọ yàrá wa lọ.

Ohun tó yẹ kí ẹ mọ̀ ni pé Apple mọ gbogbo ẹ̀yà ara kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Bí ẹ bá gbé macOS sínú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn, ó dà bí àlejò tó dé ilé tí kò mọ ibi tí omi wà. Ẹni tó gbé e wá ni yóò máa fi ojú ọ̀nà hàn án, láti orí kíbọ́ọ̀dù títí dé orí iná ojú rẹ̀. Apple kò fọwọ́ sí i, nítorí náà kò sí ẹni tí ẹ lè pè bí ó bá kọ̀. Mo ki fláàṣì bọ̀ ọ́, mo tan jẹnẹrétọ̀, mo sì tẹ bọ́tìnnì. Àmì Apple, èso ápù tí wọ́n gé jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, yọ sójú kọ̀ǹpútà mi. Inú mi dùn débi pé mo sáré bọ́ síta kí n pariwo, mo rántí pé ilé ọ̀fọ̀ ni, mo fi ọwọ́ bo ẹnu mi, mo sì jó yípo kànga inú ọgbà.

Nígbà tí mo padà wọlé, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn. Ó dúdú báyìí, kò pa, kò sì tàn. Mo pa á, mo tún tàn án, ápù yọ, òkùnkùn tún dé. Odidi ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú ni mo fi jókòó tì í kí n tó kíyè sí i pé ihò méjì ni wáyà ojú rẹ̀ lè wọ̀. Mo yọ ọ́ nínú ọ̀kan, mo ki í bọ èkejì, àwòrán sì jáde, pẹ̀lú àwọ̀ tó dán tí n kò rí lójú kọ̀ǹpútà yẹn rí. Ó béèrè èdè tí mo fẹ́. Mo tẹ kíbọ́ọ̀dù, kò dá mi lóhùn. Mo tẹ máòsì, kò mira. Mo kó àwọn méjèèjì kúrò nínú ihò iwájú, mo ki wọ́n bọ ti ẹ̀yìn, wọ́n bá jí. Ní ti wáì-fáì, kò rí i rárá. Mo ní kó máa lọ, íńtánẹ́ẹ̀tì kọ́ ni mo bá wá.

Nígbà tí ó fi máa di ọ̀sán ọjọ́ Ajé, macOS ti jókòó pẹ̀sẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà mi. Mo ki dísìkì ìyá olùdarí bọ ibi tó yẹ. Kò sọ pé òun fẹ́ pa nǹkan kan rẹ́. Àmì dísìkì náà kàn yọ lójú, mo ṣí i, gbogbo orin náà sì tò sílẹ̀ ní orúkọ-orúkọ. Mo lọ pe bàbá onílé, ó sì wá jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Mo ṣí èyí àkọ́kọ́, mo tẹ̀ ẹ́. Ìlà kan bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, àwọn òkè kéékèèké tó ń fi ohùn hàn sì ń kọjá lójú wa, ó ga, ó wálẹ̀, ó tún ga. A kò gbọ́ nǹkan kan.

Bàbá onílé fi ìka tọ́ ọ. “Ṣé òun ló ń kọrin níbẹ̀ yẹn?”

“Òun ni, sà.”

Ó wò ó títí tí orin náà fi tán, ó dìde, ó sì jáde. Ẹ̀yìn rẹ̀ tí mo rí nígbà tó ń lọ ló jẹ́ kí n mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti kọjá eré.

Nínú kọ̀ǹpútà, ègé kékeré kan wà tó ń mójú tó ohùn. Nọ́ńbà ni ẹ ó fún macOS kí ó tó mọ ihò tí ohùn yóò gbà jáde, nọ́ńbà náà sì pọ̀. Kò sí ẹni tó lè sọ èyí tó bá tèmi mu. Ẹ ó kọ ọ̀kan sí i, ẹ ó pa kọ̀ǹpútà, ẹ ó tún tàn án, ẹ ó tẹ orin, ẹ ó dẹtí. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe ń ṣe lọ. Mo ti fa gbogbo ohun tó ń gbé ohùn sókè lójú kọ̀ǹpútà dé òpin. Iná pupa ara sípíkà mi ń tàn. Ẹni tó gbọ́n á bi mí pé kí ló dé tí n kò da orin náà sínú fóònù kí a gbọ́ ọ níbẹ̀. Òótọ́ ni, ó rọrùn bẹ́ẹ̀, kò kàn wá sí mi lọ́kàn ni. Ìjà ti wọ̀ mí lára, mo fẹ́ kí kọ̀ǹpútà yẹn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ápù bá tún yọ, àyà mi á tún sọ pé èyí ni, èyí ni, bí ẹni tó ń wo bọ́ọ̀lù.

Ọjọ́rú ni ẹ̀gbọ́n mi dé láti ilé ìwé, ó bá mi lórí ìdúró níwájú kọ̀ǹpútà.

“Kí lo tiẹ̀ ń wá láti ọjọ́ yìí?”

“Ohùn ni, ẹ̀gbọ́n. Kò mọ ọ̀nà dé ibi sípíkà.”

“Sípíkà wo? Èyí?” Ó fa sípíkà náà kúrò lára ògiri, ó na ọwọ́ sẹ́yìn rẹ̀. “Mo ti yí i wálẹ̀ pátápátá láàárọ̀ ọjọ́ tí ìyá kú. Mo mọ̀ pé o máa gbàgbé, wàá fi orin sí i, wọ́n á sì ní a ò mọ ọ̀fọ̀.”

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ pa mí, lẹ́yìn náà inú bí mi, lẹ́yìn náà mo rí i pé ó tọ̀nà. Mo yí bọ́tìnnì náà sókè dé ibi tó lè dé. Kò sí ohùn. Nọ́ńbà tó wà níbẹ̀ lásìkò yẹn kì í ṣe tiwa. Ó wá yé mi pé gbogbo nọ́ńbà tí mo ti jù nù, n kò mọ èyí tó dáa nínú wọn. Mo padà sí èyí àkọ́kọ́ pátápátá, mo pa kọ̀ǹpútà, mo tàn án. Bàbá onílé gbọ́ pé jẹnẹrétọ̀ ń ṣiṣẹ́, ó sì yọjú. Àwọn tó wá kí i kú ìdárò ń bá ọ̀rọ̀ lọ níwájú ilé. Mo tẹ orin náà.

Ohùn obìnrin kan bú jáde láti inú sípíkà, ó tóbi débi pé ìlẹ̀kùn ń gbọ̀n. N kò rántí dín in kù. Ohùn náà ga, ó nípọn, ohùn Ọ̀kà gidi, ó sì ń fa orin bí ẹni tó mọ̀ pé àwọn yòókù á gbè é. Ó ń lọ bẹ́ẹ̀, ó hú ikọ́ lójijì, orin dúró. A gbọ́ ọ tó ń sọ pé, “Ẹ dúró, ẹ jẹ́ kí n mumi. Ta ló ń rẹ́rìn-ín?” Wọ́n rẹ́rìn-ín lóòótọ́, òun náà rẹ́rìn-ín, ó sì tún gbé orin sókè láti ibi tó fi í sí.

Nígbà tí mo gbójú sókè, ẹnu ọ̀nà wa ti kún. Kò sí ẹni tó bá mi wí pé mo pariwo nínú ilé ọ̀fọ̀. Bàbá onílé fi ọwọ́ kan lé orí sípíkà, ó ní, “Yèyé mi rèé,” ó sì ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Inú mi dùn lọ́jọ́ náà ju bó ṣe dùn lọ́jọ́ tí mo gba ìwé ẹ̀rí iṣẹ́ mi lọ.

Mo ṣiṣẹ́ lórí orin náà ní Ọjọ́bọ̀. Bí mo ṣe kọ́ iṣẹ́ náà, mo ti fa ìlà yí ibi ikọ́ náà ká kí n gé e dànù kí ó lè mọ́. Mo ní kí n kọ́kọ́ fi han bàbá onílé. Ó wo ibi tí mo fàmì sí, ó bi mí ohun tí ó jẹ́, mo sì sọ fún un.

“Má gé ibẹ̀,” ó ní. “Orin, gbogbo ìjọ ló mọ̀ ọ́n. Bó ṣe máa ń húkọ́ nìyẹn.”

N kò gé e. Wọ́n lò ó ní Ọ̀kà ní ọjọ́ Ẹtì, àwọn èèyàn sì rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ìyá láàárín ìsìn. Láti ìgbà náà ni mo ti ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ni òkú kí n tó mú ohunkóhun kúrò. Mo ti ra kọ̀ǹpútà Apple gidi báyìí, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́ nínú rẹ̀ láìjà, n kì í sì í jó yípo kànga nítorí rẹ̀. Nígbà tí mo lọ kí bàbá onílé láìpẹ́ yìí, orin ìyá ń lọ lórí fóònù rẹ̀ bó ṣe ń gbá ẹ̀yìnkùlé. Kò gbọ́ ìgbà tí mo wọlé. Orin dé ibi ikọ́, bàbá gbọ́ ẹ̀rín ìyá tán, ó fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀, ó sì dá orin padà sí ibi ikọ́ náà.