Ọ̀sẹ̀ Tí Kọ́kọ́rọ́ Omi Wà Lọ́wọ́ Mi

Bọ́kẹ́ẹ̀tì ń ha ilẹ̀ sìmẹ́ńtì, omi ń dà ṣọ̀ọ̀, ìyá àgbà tí yàrá wọn kọjú sí tiwa sì fi ọ̀pá wọn ti bọ́kẹ́ẹ̀tì mi padà sẹ́yìn. Mo ti yọ́ gbé e síwájú tàwọn tó ṣáájú mi dé. Ojú tì mí, inú sì bí mi. Mo pariwo ọ̀rọ̀ tí àbúrò bàbá mi fi máa ń bú ẹni tó bá múnú bí i nínú ìròyìn: "Mama, you be fáṣíìsì!"

Gbogbo ọgbà wa ní Diobu, ní Port Harcourt, yíjú sí mi. Màmá mi ti bọ́ sílípáàsì tó fẹ́ fi nà mí, àmọ́ ìyá àgbà dá a dúró. Olùkọ́ ìtàn ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì. Wọ́n ní kí n jókòó tì wọ́n, òórùn káfúrà ń jáde lára ìró wọn, wọ́n bi mí pé kí ni ohun tí mo pè wọ́n yẹn túmọ̀ sí. Mo ní mo kàn gbọ́ ọ lẹ́nu àbúrò bàbá mi ni.

"Ẹni tí kò gbà kí ẹnikẹ́ni bi òun léèrè ni," ni wọ́n wí. "Yóò tọ́ka sí àwọn kan pé àwọn ló ba ayé jẹ́, yóò ní kí àwọn tó kù lé wọn. Èyí tó burú jù ni pé àwọn èèyàn á máa pàtẹ́wọ́ fún un."

Àwọn ló ń bójú tó ẹ̀rọ omi ọgbà wa. Wọ́n tú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kúrò létí ìró wọn, wọ́n fi lé mi lọ́wọ́ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Ó dùn mọ́ mi. Lọ́jọ́ kẹta, àwọn ọ̀rẹ́ mi ní àwọn àlejò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kó wá sí yàrá ẹ̀yìn ló ń jẹ́ kí omi tètè tán. "No give them," ni wọ́n wí. Nígbà tí ọmọbìnrin àwọn àlejò náà dé, mo ta bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀ nípàá, ó yí wọ gọ́tà. Àwọn ọ̀rẹ́ mi pàtẹ́wọ́, orí mi sì wú.

Ọmọ náà ò sunkún. Ó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, ó ń lọ. Ìgbà náà ni mo rí ìyá àgbà lẹ́nu ọ̀nà wọn, wọ́n kàn ń wò mí. Ọ̀rọ̀ wọn padà sọ́kàn mi, ẹ̀rù ara mi bà mí. Mo sáré tẹ̀ lé ọmọ náà, mo bẹ̀ ẹ́, mo fọ bọ́kẹ́ẹ̀tì rẹ̀, mo pọnmi kún un. Lẹ́yìn náà mo lọ kúnlẹ̀ dá kọ́kọ́rọ́ padà, àmọ́ ìyá àgbà ò gbà á.

"Ó ku ọjọ́ mẹ́rin," ni wọ́n wí.

Ìyá àgbà ti kú báyìí. Lórí fóònù lónìí, gbogbo èèyàn ló ń pe ara wọn ní fáṣíìsì, nítorí olóṣèlú, nítorí lánlọ́ọ̀dù, nítorí bọ́ọ̀lù pàápàá. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ wà lóòótọ́, mo sì máa ń sọ ọ́ tó bá tọ́. Àmọ́ mo kọ́kọ́ máa ń wo ẹni tí wọ́n ń lé kúrò nídìí omi, n ó sì wo ọwọ́ ara mi, bóyá èmi náà ń pàtẹ́wọ́.